Ìbéèrè Tí Mo Bi Kẹ́hìndé

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún ló wà láti ìsàlẹ̀ ilé-ìwé wa dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí yàrá kọ̀ǹpútà, láàbù àti kíláàsì àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì wà. Mo mọ iye wọn nítorí pé fún ọdún mẹ́ta, láti JSS1 títí dé JSS3, èmi ni mo ń pọn Kẹ́hìndé gun orí wọn nígbàkígbà tí a bá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni a ó jọ máa kà wọ́n. Tí a bá fi máa dé ogún, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹn ni yóò sì máa pa Kẹ́hìndé lẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Ìbejì ni wá. Èmi Táíwò ni mo kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò, ṣùgbọ́n gbogbo yín mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Màmá wa sọ pé ìbí tèmi kò nira, pé tirẹ̀ ló pẹ́, kò sì tètè ké. Nígbà tí mo ti ń sáré kiri àgbàlá, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú dìde ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le, wọ́n sì máa ń fà mọ́ra wọn. Ọ̀pá méjì tó ń kì sí abíyá ló fi ń rìn. Ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Mo ní láti kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn àlejò kì í bá a sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa ń bi pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ máa jẹun?" nígbà tó jókòó síwájú wọn gangan.

Pípọ̀n tí mo ń pọ̀n ọ́n yìí sọ mí di olókìkí. Àwọn tíṣà a máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ ní àsẹ́ḿbílì. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn lọ́dún tí a parí JSS3, wọ́n pè mí síta, wọ́n fún mi ní ìwé atúmọ̀ èdè pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ "Ọmọ Aláàánú" sí, àwọn òbí sì pàtẹ́wọ́ títí. Kẹ́hìndé náà pàtẹ́wọ́. Òun ló gba ipò kìíní nínú Basic Science lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n orí pèpéle ni wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn, pèpéle náà sì ga, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n bá a gba tirẹ̀.

Nígbà tí a wọ SS1, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn òun mọ́. "Èmi kì í ṣe àpò gàrí," bẹ́ẹ̀ ló wí. Kíláàsì àwọn ọmọ Art wà nísàlẹ̀, ó wọ ibẹ̀. Èmi lọ sí sáyẹ́ǹsì. Bí àwọn ènìyàn bá bi wá pé kí ló dé tí ìbejì kò ṣe ohun kan náà, mo máa ń dáhùn kíá pé, "Kẹ́hìndé ò fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì." N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé wa. Ó kàn di ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ ni.

Ní SS2 yìí, tíṣà tó ń kọ́ wa ní Civic ní kí oníkálukú ṣe ìwádìí kékeré lórí ìṣòro kan ní àdúgbò tàbí ilé-ìwé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi mú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, omi àti iná mànàmáná. Èmi mú "Ìṣòro Àwọn Aláàbọ̀ Ara ní Ilé-Ìwé Wa". Kí n má purọ́, ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé ẹni tí n óò fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ń bẹ nílé, n kò ní rìn jìnnà. Mo kọ ìbéèrè mẹ́wàá. Ìkíní: Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ? Ìkejì: Ìṣòro wo ni ẹsẹ̀ rẹ ń kó bá ọ ní ilé-ìwé? Ìkẹta: Ẹ̀kọ́ wo ni ẹsẹ̀ rẹ kò jẹ́ kí o lè ṣe? Ìkarùn-ún ni mo fẹ́ràn jù: Ta ló máa ń ràn ọ́ lọ́wọ́? Mo ti mọ ìdáhùn ìyẹn kí n tó kọ ọ́.

Kẹ́hìndé ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà láti wò ó bóyá nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi.

"Táyé, o ti dáhùn ẹ̀ tán. Kí lo tún wá ń bi mí sí?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tó wà láàrin wa kò fi ju "gbé iyọ̀ wá" lọ.

Àbúrò bàbá wa obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè kejì ní ẹ̀ka Social Work ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun ló bá ìwé ìbéèrè náà lórí tábìlì. Kò bá mi wí. Ó kàn mú fótókọ́pì kan jáde nínú àpò rẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi lé ara wọn lọ́wọ́ ní kíláàsì wọn títí tí ewé iwájú rẹ̀ fi ya. Ó ní, "Ka èyí kí o tó bi ènìyàn ní ìbéèrè mìíràn." Bí mo ṣe mọ Mike Oliver nìyẹn.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọdún 1945 ni wọ́n bí i. Ní 1962, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó lọ lo ìsinmi, ó bẹ́ sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọdún kan ni mo fi kéré sí i báyìí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa, ó sì lò tó ọdún kan níbẹ̀. Nígbà tó jáde, orí àga onítáyà ló wà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí ayé rẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ lọ sí yunifásítì. Èyí tó kọ́kọ́ wọ̀, kò pẹ́ tó fi ní láti fi í sílẹ̀, nítorí ètò ìrànlọ́wọ́ tó lè jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀ kò péye. University of Kent ló ti wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ, tó gba oyè àkọ́kọ́, tó sì tún gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Mo dúró díẹ̀ níbi tí mo ti ka ìyẹn. Ọkùnrin tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ń ka ìwé rẹ̀, fi yunifásítì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ká ní ó dúró síbẹ̀, kí ni àwọn ará ilé rẹ̀ ì bá máa sọ fún àlejò? Bóyá wọn ì bá ní kò fẹ́ràn ìwé.

Ní Kent níbẹ̀ ló ti wá ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ Social Work. Ní 1983 ó kọ ìwé kan fún irú wọn, lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa bá àwọn aláàbọ̀ ara ṣiṣẹ́. Inú ìwé náà ló ti sọ pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà kan ń wo ara ẹni náà, ó ń wá ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ń wo àwùjọ tó yí i ká, ó ń wá ohun tó dí i lọ́nà. Kì í ṣe òun nìkan ló ronú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn dá sílẹ̀, UPIAS, ti tẹ ìwé kékeré jáde ní 1976, tí wọ́n fi ya àléébù ara sọ́tọ̀ kúrò lára ìdènà tí àwùjọ gbé lé e lórí. Oliver ló mú un wọ kíláàsì. Bí èmi ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ara mi nìyí: ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé, Ọlọ́run ló mọ̀ nípa rẹ̀. Àtẹ̀gùn, bíríkìlà ló mọ ọ́n.

Apá tí Àǹtí ṣẹ́ létí fún mi wá láti inú ìwé tó kọ ní 1990. Láàrin 1985 sí 1988, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ka ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí ńlá nípa àwọn aláàbọ̀ ara. Iye àgbàlagbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ ju mílíọ̀nù 6 lọ. Wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ sí ilé wọn láti bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n bi wọ́n pé àìsàn wo ló ń jẹ́ kó ṣòro fún wọn láti di nǹkan mú tàbí láti yí ìdérí nǹkan. Oliver mú ìbéèrè náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀: kí ló dé tí ẹ kò bi wọ́n pé kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú bí wọ́n ṣe ṣe ìgò àti agolo tí kò fi ṣeé ṣí? Wọ́n béèrè bóyá ẹni náà lọ sí ilé-ìwé àkànṣe nítorí àìlera rẹ̀. Ó ní kí wọ́n béèrè bóyá ó lọ síbẹ̀ nítorí pé ìlànà ìjọba ni láti máa kó irú rẹ̀ lọ síbẹ̀. Báyìí ló ṣe yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yí aṣọ tí wọ́n wọ̀ sódì. Ó sì sọ nǹkan kan tó wọ̀ mí lára: pé bí ẹni tó ní ìwé àti bírò lọ́wọ́ bá wá sí ilé rẹ, tó ń bi ọ́ ní irú ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ní ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, kí ó tó dìde ìwọ fúnra rẹ á ti gbà pé ara rẹ ni gbogbo ẹ̀bi wà.

Mo mú ìwé ìbéèrè tèmi, mo kà á. Nínú mẹ́wàá, méje ní "ẹsẹ̀ rẹ" nínú.

Àǹtí tún sọ ìtàn kan fún mi nípa ìwádìí. Ní agbègbè Hampshire, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Le Court, níbi tí àwọn aláàbọ̀ ara ń gbé. Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́ ní ẹnu nínú bí wọ́n ṣe ń darí ayé wọn. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn fúnra wọn ló ké sí àwọn olùwádìí láti Tavistock Institute ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n wá wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wá, wọ́n béèrè, wọ́n sì gbé ìwé wọn jáde ní 1972. Àwọn tó pè wọ́n lérò pé wọn yóò gbè sẹ́yìn àwọn. Ohun tí wọ́n bá nínú ìwé ni pé àwùjọ ti ka irú wọn mọ́ òkú, pé iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni láti sìn wọ́n láti ikú ti àwùjọ dé ikú ti ara. Paul Hunt, tó ti gbé Le Court rí, tó sì wà lára àwọn tó dá UPIAS sílẹ̀, kọ èsì tó gbóná, ó fi àwọn olùwádìí náà wé àfòmọ́. Ẹni tó bá ti rí àfòmọ́ lórí igi òro tàbí igi kòkó yóò mọ ohun tó ń sọ. Ara igi ló ti ń jẹ, kì í bá igi so èso.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Oliver gbé lé iwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1992, nínú àpilẹ̀kọ kan tí Àǹtí ní ó wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà. Ó béèrè pé ta ló ni ìwádìí. Ta ló yan ìbéèrè? Ta ni yóò di ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀, ta sì ni yóò wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀? Ó ní kí olùwádìí kó ìmọ̀ àti ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ fún àwọn aláàbọ̀ ara, kí wọ́n lò ó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní àsìkò yẹn, Thames Polytechnic tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n sọ di University of Greenwich. Ibẹ̀ ló ti di ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa àìlera àti àwùjọ.

Mo gbé ìwé funfun kan lọ bá Kẹ́hìndé. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lórí iṣẹ́ Civic. Mo ní, "Ìwọ ló máa kọ ìbéèrè." Ó wò mí, ó gba bírò. Ìkíní tó kọ ni: Ta ló pinnu pé òkè ni láàbù yóò wà? Ìkejì: Nígbà tí wọ́n ń mọ pèpéle, ta ni wọ́n rò pé yóò gba ẹ̀bùn? Ìkẹta ni mo sọ pé kí ó jẹ́ kí n kọ: Ẹ̀kọ́ wo ni ilé-ìwé kò jẹ́ kí o ṣe?

"Kẹ́mísírì," ó ní. "Àti bàólójì. Apòògùn ni mo fẹ́ ṣe."

Ọdún méjì ni a ti wà nínú kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yàrá kan náà ni a ń sùn sí nígbà tí a wà ní kékeré. N kò gbọ́ ọ rí. Mo ní, "Ṣebí mi ì bá máa gbé ọ gòkè."

"Lójoojúmọ́? Tí ara rẹ ò bá yá ńkọ́? Tí o bá ń bínú sí mi ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé o rántí ọjọ́ bọ́ọ̀lù?"

Mo rántí. JSS2 ni a wà. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, agogo ìparí lù, àwọn ọ̀rẹ́ mi ké sí mi láti ìsàlẹ̀ pé bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀ wá gbé e. Mo gbá bọ́ọ̀lù títí oòrùn fi rẹlẹ̀, mo wẹ ẹsẹ̀ mi níbi ẹ̀rọ omi, mo sì gba ilé lọ. Màmá wa ló ní, "Kẹ́hìndé dà?" Nígbà tí a sáré padà dé ibẹ̀, ọlọ́dẹ ilé-ìwé ti rí i. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kejì láti ìsàlẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ dọ̀tí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ìdí ló fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń ju ọ̀pá rẹ̀ síwájú ní àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ó sọ fún màmá wa pé òun ló ní kí n máa lọ. Nítorí ìyẹn, kò sẹ́ni tó nà mí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí Ọmọ Aláàánú. Ó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wa nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Bàbá wa béèrè ìdí, mo ní ìṣó rẹ̀ ló jábọ́.

Kí ẹ má rò pé Kẹ́hìndé gba gbogbo ohun tí ọ̀gbẹ́ni Oliver kọ. Ó ka fótókọ́pì náà lóru ọjọ́ méjì, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fà á lóru, kì í sì í lè sùn dáadáa. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ nípa àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kọ́ ló ń ro mí ní aago méjì òru." Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Àǹtí, ẹ̀rín pa á. Ó ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Jenny Morris, aláàbọ̀ ara lòun náà, ti sọ irú ẹ̀ ní 1991: pé bí a bá ń pariwo nípa ìdènà nìkan, ta ni yóò sọ̀rọ̀ ìrora? Oliver kò sẹ́ ìrora. Ó ní irinṣẹ́ ni òun ṣe, òun kò sọ pé ó ṣàlàyé gbogbo nǹkan. Ó tilẹ̀ fi í wé òòlù. Kẹ́hìndé ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n fi òòlù náà fọ́ àtẹ̀gùn, kí àwọn dókítà sì wá nǹkan ṣe sí iṣan òun.

Àǹtí ló tún jẹ́ kí a mọ̀ pé òfin wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà. Òfin náà fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó ń lo ọ̀pá tàbí àga onítáyà lè gbà wọlé. Oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni Oliver kú. Mo ṣírò ọdún márùn-ún náà lórí ìka mi: ó ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nígbà tí èmi àti Kẹ́hìndé ṣì ń ka àtẹ̀gùn.

A kọ iṣẹ́ náà pa pọ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣíwájú. Tíṣà fún wa ní 17 nínú 20, ó ní ó dùn ṣùgbọ́n ìbéèrè wa le jù. A mú ẹ̀dà kan lọ fún ọ̀gá àgbà. Ó kà á lórí ìdúró, ó ní ìjọba ló kọ́ ilé, kí a fi í sílẹ̀ kí òun wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Mo sọ fún Kẹ́hìndé pé bóyá wọ́n máa gbé láàbù wá sísàlẹ̀ kí sáà tó parí. Ó ní, "Kódà kí wọ́n gbé e wá lọ́la, WAEC wa kù ọdún kan. Tèmi ti lọ, Táyé." Bó ṣe máa ń sọ iye owó tó kù nínú àpò rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Èmi ni n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wọ JSS1 lọ́dún yìí tó ń lo àga onítáyà. Ní ọjọ́ Tuesday tó kọjá, Kẹ́hìndé ní kí n bá òun gbé ìwé àti bírò, a lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó máa ń dúró sí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, Kẹ́hìndé fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi pẹ́lẹ́. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó bi ọmọ náà pé, "Kí ni ìwọ fẹ́ kí a bá ọ béèrè lọ́wọ́ wọn?"

Ọmọ náà ronú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ṣé kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn wúwo, pé tí kò bá wúwo, ṣé wọn ò lè gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀?

Kẹ́hìndé ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.